Má-tún-wọ̀n Lọ Wo Ẹ̀rọ Àbúrò Rẹ̀

Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn Má-tún-wọ̀n láàárín àwọn tọ́nà á rò pé ìgbà tó ti wà nínú ìyá rẹ̀ ló ti ń bá irin sọ̀rọ̀. Tọ́nà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìyírin, ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bírí-bírí lójú kan tí ọ̀bẹ á sì máa fá a títí á fi di ohun tí wọ́n ń wá. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí ti fi ń fá irin. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kì í ṣe àwàdà rárá. Tó bá ti fi maikíró, ìwọ̀n kékeré tó ń gbá irin mú láàárín eyín méjì, wọn nǹkan, tó sì ti dá iye rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n. Wọ́n ní ẹni tó bá wọn irin lẹ́yìn ọ̀gá, ọ̀gá ló ń pè ní onírọ́. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ti jẹ ìgbátí lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Láti ọjọ́ náà, kò dán an wò mọ́.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò yìí. Iṣẹ́ tí ẹlòmíì máa fi wákàtí kan ṣe, odindi ọjọ́ ni tiẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé e kalẹ̀, kí ẹ máa wá àlébù lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ò ní rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí Jẹ́jẹ́ bá ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ èèyàn, ẹlẹ́sẹ̀ á ti darúgbó kí ẹ̀gún tó jáde. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín, Jẹ́jẹ́ náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ mọ́, kò sì mọ̀ pé ẹni tó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín dénú.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀pá irin ńlá kan já bọ́, ó sì fọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Jẹ́jẹ́ yánkan-yànkan. Ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dúró lórí ẹ̀rọ ńlá látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bá a kẹ́dùn ní òwúrọ̀, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó ní kó má bọ̀ mọ́. Má-tún-wọ̀n wà níbẹ̀, epo ló ń nù kúrò lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ aṣọ rírán ìyàwó Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ilé ń jẹ, ọkùnrin náà sì ń jókòó sínú ilé bí àlejò tí kò mọ ọjọ́ tó máa lọ.

Ìgbà yẹn ló rí ẹ̀rọ ìyírin kékeré kan tí ilé-ìwé kan jù sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ó ti dípẹtà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń sá bàtà lé e lórí. Wọ́n bá a fi ọmọlanke gbé e wálé, ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ tó ń rán kúrò ní yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi yàrá náà sílẹ̀ fún un. Ọdún méjì gbáko ni Jẹ́jẹ́ fi tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń tún un tò. Ó kan tábìlì kan fún un, tó lọ sílẹ̀ dáadáa, kí òun lè máa jókòó ṣiṣẹ́. Èyí tó gbà á lákòókò jù ni ojú irin méjèèjì tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ń rìn lé lórí. Tí ibẹ̀ kò bá tọ́, kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà lè fá tó máa tọ́. Ó máa ń fi aró pa á, á gbé irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ lé e, ibi tí aró bá ti kúrò ni ibi tó ga. Á wá fi irin olójú mímú fá ibẹ̀ díẹ̀, á tún pa aró mìíràn sí i. Ẹgbẹ̀rún ìgbà, tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó parí, ó lọ bá Ìyá Onípọ́ńpù. Obìnrin yìí ló ń tún pọ́ńpù omi ṣe fún gbogbo àdúgbò wọn àti ibi tó jìnnà sí wọn, kò sì fẹ́ràn àwáwí. Ó sọ fún Jẹ́jẹ́ pé gbogbo búṣìn òun, òrùka idẹ tí ọ̀pá pọ́ńpù ń yí nínú rẹ̀, lòun á máa kó wá fún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tó lè gbọ́ bùkátà ilé nìyẹn, láìdúró, láìfẹsẹ̀ rìn lọ síbì kan.

"Ṣùgbọ́n èmi ò mọ irin," obìnrin náà ní. "Pọ́ńpù ni mo mọ̀. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ náà. Tí òun bá ti ní ó dáa, ó parí. Tó bá ní kò dáa, má wulẹ̀ padà wá síbí."

Bí ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé èèyàn kan ṣe bọ́ sẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn o.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Má-tún-wọ̀n dé. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn náà, kò tètè wọlé.

"Èyí náà lo fi ọdún méjì ṣe?" ló kọ́kọ́ bèèrè. "Mo rò pé màá bá nǹkan ńlá ni."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn, ó sì ti ń nu àga fún un.

Má-tún-wọ̀n kò jókòó. Ó ki páìpù gígùn kan bọ ẹnu ẹ̀rọ, ibi tó máa ń di irin mú, ó sì gbé e sókè bóyá á mì. Kò mì. Ó fi ìka méjì ti ilé ọ̀bẹ lójú irin, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò fà, kò sì jó. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò sí àyè òfo níbẹ̀. Ó wá àyè òfo náà bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Láti ọdún mẹ́jọ ni ojú irin ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ti jẹ, òun nìkan ló mọ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ló fi ń lò ó: tó bá dé ibi tó jẹ, á fi èjìká ti ilé ọ̀bẹ díẹ̀, á yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀ sí i, irin á jáde bó ṣe yẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn lára rẹ̀, ọ̀nà àtibo àléébù ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò ní ohun tó fẹ́ bò.

"Ìdánwò ló kù," ló sọ. "Gbé irin kan wá."

Ìdánwò yìí kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n á fi irin tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á fá a lójú méjì, ìkan lápá ẹnu ẹ̀rọ, ìkan lápá òkèèrè, láìfọwọ́ kan ọ̀bẹ láàárín méjèèjì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ojú irin tọ́. Tí wọn ò bá dọ́gba, kò tọ́, kò sì sí àlàyé kankan tó lè gbà á sílẹ̀. Má-tún-wọ̀n fá a. Irin náà ń dún jẹ́jẹ́, èérún rẹ̀ ń ká jáde bíi okùn. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní kí Jẹ́jẹ́ lọ bá òun bu omi mímu wá.

"Ṣé kí n ké pe ìyàwó mi kó gbé e wá?"

"Mo ní kí ìwọ lọ."

Jẹ́jẹ́ mú ọ̀pá rẹ̀, ó tiro jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró títí irin fi tutù, ó wọn òkèèrè. Mìlímítà ogójì géérégé. Ó wọn apá ẹnu ẹ̀rọ. Ogójì géérégé. Ó tún maikíró nù, ó tún un wọ̀n, òun tí kì í tún un wọ̀n. Kò fi irun kan yàtọ̀. Irun ni wọ́n ń pe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà ní ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun orí nípọn jù ú lọ dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kò fá irin tó dọ́gba báyìí láìlo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ láti ọdún mẹ́jọ. Ó ń wo irin náà, ó sì ń rí bí Ìyá Onípọ́ńpù ṣe máa kó búṣìn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tòun wá sí yàrá yìí, bí obìnrin náà ṣe máa fọwọ́ pa iṣẹ́ méjèèjì lára, bó ṣe máa bèèrè pé kí ló dé tí ti arọ fi dáa ju ti ọ̀gá lọ. Ìlara ló ń ṣe é, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ó gbọ́ ọ̀pá Jẹ́jẹ́ lọ́nà jíjìn, kó, kó, kó. Àyè ṣì wà dáadáa, ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í yára. Ó tan ẹ̀rọ, ó mú ègé awọ tó fi ń kó èérún irin gbígbóná, ó ká a sí méjì, ó sì fi tẹ ojú irin tó wà lápá ẹnu ẹ̀rọ bó ṣe ń yí. Awọ kì í fá irin, ṣùgbọ́n ó máa ń mú un gbóná. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fi ń ta á, ó sì dá ẹ̀rọ dúró. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ yìí fún oṣù kan ló mọ̀ pé irin tó gbóná máa ń wú, pé wọn kì í wọ̀n ọ́n títí á fi tutù. Òun ló kọ́ Jẹ́jẹ́ ní ẹ̀kọ́ yìí.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Jẹ́jẹ́ bèèrè bó ṣe gbé omi wọlé. Ìdajì rẹ̀ ti dà sí i lára.

"Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ẹ ni. Ó ń yọ̀. O ò tiẹ̀ gbóòórùn ẹ̀ látọjọ́ yìí?" Ó gba omi, ó mu ún tán, kò kánjú. Ó ki awọ sápò. "Wá wò ó. Mi ò tíì wọ̀n ọ́n, kí o má baà ní mo ṣe àrékérekè fún ẹ."

Ó wọn òkèèrè lójú àbúrò rẹ̀. "Kà á."

"Ogójì géérégé."

Ó mú maikíró wá sápá ẹnu ẹ̀rọ, sórí irin tó gbóná. "Kà á."

Jẹ́jẹ́ tẹ ojú mọ́ maikíró náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ogójì lé irun méjì."

"Kí lo pè é?"

"Ogójì lé irun méjì, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́."

"Ṣùgbọ́n mo ti wọ̀n ọ́n rí. Mo wọ̀n ọ́n bí ìgbà ogún. Ó máa ń dọ́gba ni."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Jẹ́jẹ́ na maikíró tirẹ̀ sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Má-tún-wọ̀n gbà á, ó gbọ̀n ọ́n létí, ó sì dá a padà fún un bí ẹni dá owó ayédèrú padà. "Èyí? Irọ́ lèyí ti ń pa fún ẹ. Ọdún méjì lo fi ń gbọ́ irọ́. Tà á fún oní-irin-àlòkù."

Ó tú irin náà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi àkísà wé e, ó sì kì í bọ inú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ fi han àwọn ará ṣọ́ọ̀bù bí iṣẹ́ tí wọ́n fi sùúrù ṣe ṣe máa ń rí. Gbogbo ọ̀nà tó fi rìn lọ sílé ni àpò náà fi ń gbóná mọ́ ọn nítan.

Kó tó kúrò níbẹ̀ ló ti júwe ibi tí Jẹ́jẹ́ máa fá. "Apá ẹnu ẹ̀rọ ni ojú irin ẹ ti ga. Fá a wálẹ̀, má ṣojo. Ọwọ́ ẹ ti lẹ̀ jù, òun ló fà á." Jẹ́jẹ́ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n òun, òun ìbá ti lọ fi ẹ̀rọ tí kò tọ́ ba pọ́ńpù oní-pọ́ńpù jẹ́. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́, ẹni tí wọ́n sì fi ẹ̀gún kín lẹ́yìn ń kí i pé ẹ ṣé.

Lọ́jọ́ Ajé, Má-tún-wọ̀n sọ fún Ìyá Onípọ́ńpù pé ẹ̀rọ náà kò tíì rí bó ṣe yẹ. Búṣìn ọ̀sẹ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ bó ṣe máa ń wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kó tó di pé ìyàwó Jẹ́jẹ́ wá bá a níbi iṣẹ́. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ojú abẹ́rẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá títí Má-tún-wọ̀n fi rójú wò ó.

"Bọ̀dá, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa?"

"Kí ni ọkọ ẹ sọ?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wà nínú ilé yẹn lọ́dún méjì tó fi ń ṣe é. Mo mọ bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń rí tí nǹkan bá tọ́. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dé. Ní báyìí ó ń fá a, ó ń fá a, ìka rẹ̀ ti bó. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá ní kó wá jẹun, á ní kí n jẹ́ kóun tún ibi tóun bàjẹ́ ṣe ná."

"Ìyàwó," Má-tún-wọ̀n ní, "ìwọ mọ aṣọ, èmi mọ irin. Tí mo bá wá wo bọ́tìnnì níwájú ẹ, ṣé inú ẹ á dùn?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti parí.

Bí Má-tún-wọ̀n ṣe wọlé lẹ́ẹ̀kejì, ojú ló kọ́kọ́ fi rí i. Ojú irin tó máa ń dán gbinrin tẹ́lẹ̀ ti rí gbágungbàgun lápá ẹnu ẹ̀rọ. Jẹ́jẹ́ rù, ó jókòó sórí àga kúkúrú, ìka rẹ̀ mẹ́ta ni aṣọ wé. Má-tún-wọ̀n fá irin ìdánwò. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró kó tutù dáadáa, ó wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Irun mẹ́jọ ni ìyàtọ̀. Mẹ́jọ. Ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ní tòótọ́, ọwọ́ tó sì tún un ṣe náà ló bà á jẹ́.

"Ẹ má tíì sọ fún mi," Jẹ́jẹ́ ní, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Mi ò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Mo ti ta maikíró yẹn bí ẹ ṣe ní kí n tà á. Ẹ̀yin nìkan ni mo ń dúró dè. Tí kò bá tíì dáa, màá lọ bẹ tíṣà ilé-ìwé tí wọ́n ti gbé e wá, kó wá bá mi wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ní ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí látijọ́, òun sì mọ bó ṣe yẹ kí ojú irin yẹn rí."

Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn gan-an ló wọ Má-tún-wọ̀n létí. Ẹni tó bá mọ irin, tó sì fojú kan ojú irin yìí, á bèèrè pé ta ló ní kí wọ́n fá ibi tó tọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ méjì tó lè sọ. Ó lè ní òun ti parọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí àbúrò òun jẹ́ káwọn jọ wá bí àwọn ṣe máa tún un ṣe. Ó lè ní kò tíì dáa, kí tíṣà sì wá. Àgbà tó bẹ̀rù ìtìjú máa ń rí ọ̀rọ̀ kẹta.

"Ó ti dáa," ló sọ. Ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

"Ẹ ní ó ti dáa?"

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó dọ́gba. Má tún un wọ̀n. Lọ sọ fún Ìyá Onípọ́ńpù pé mo ní ó dáa."

Jẹ́jẹ́ wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìpariwo, ó ń fi aṣọ tó wé ìka rẹ̀ nu ojú. Má-tún-wọ̀n ní òun ń lọ, iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ìyá Onípọ́ńpù kó ogójì búṣìn fún Jẹ́jẹ́ láti fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí maikíró, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ fi ọ̀pá pọ́ńpù gan-an dán ìkọ̀ọ̀kan wò, ó sì ń wọ ẹnu wọn géérégé. Inú búṣìn ló fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, ojú kò sì lè rí ibẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé náà tún dà bí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti yàrá ìránṣọ, ọkọ rẹ̀ ń jẹun, ó ń bú àwọn ẹyẹ tó ń wá sójú fèrèsé, ó ti ń pète bó ṣe máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun fún un.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ọ̀pá ń gbọ̀n nínú búṣìn, ó ń ha á, ó ń dún bí ẹni gún ata. Mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án. Ìyá Onípọ́ńpù ránṣẹ́ pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sí àgbàlá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó ti to àwọn búṣìn náà sórí dúrọ́ọ̀mù tó dojú bolẹ̀, ó gé méjì nínú wọn sí méjì-méjì kí ẹnikẹ́ni lè rí inú wọn. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Ọ̀gá," ó sọ fún Má-tún-wọ̀n, "àbúrò yín ní ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rọ yìí ti dáa. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ojú yín ti lọ, mi ò ní gbé irin kankan wá bá yín mọ́, màá sì wí fún ẹni tó bá bi mí. Tí ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun ló fi orúkọ yín jí iṣẹ́ mi gbà. Èwo ni?"

Jẹ́jẹ́ gbára lé ọ̀pá rẹ̀. Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òórùn epo kún àgbàlá náà, omi ń ro tó, tó, tó látinú pọ́ńpù kan tó dùbúlẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ kan. Má-tún-wọ̀n rò wọ́n papọ̀, kò sì pẹ́ tó fi rò ó.

"Ìgbà kan ṣoṣo ni mo dé ibẹ̀," ló sọ. "Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo sọ fún yín lẹ́yìn ẹ̀. Mo ní kò dáa. Mi ò dé ibẹ̀ mọ́."

Ìyá Onípọ́ńpù yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Má-tún-wọ̀n ń wo ilẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń dúró de ohun tí àbúrò rẹ̀ máa sọ, ó ti ń to irọ́ tó máa fi dá a lóhùn.

"Bó ṣe rí nìyẹn," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n mi ò rí i. Èmi ni mo parọ́, mà. Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ ni."

Obìnrin náà sọ ohun tó ní láti sọ. Ó ní kó má tún fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá òun. Ó ní gbogbo oníbàárà òun lòun á wí fún, kí ó má baà tún rí ẹlòmíì jẹ. Ó wá ní kí Má-tún-wọ̀n má bínú pé òun pè é wá, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kó kó búṣìn tó kù dání kó bá òun tún wọn ṣe. Ó sì kó wọn.

Àwọn méjèèjì jọ jáde sí òpópónà. Búṣìn ń ró nínú àpò Má-tún-wọ̀n bó ṣe ń rìn, ó sì rọra ń gbẹ́sẹ̀ kí Jẹ́jẹ́ lè bá a. Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà wọn ti pín. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

"Kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn pé kò dáa. Mo wo ojú yín. Ẹ ti sọ òótọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ rí bí mo ṣe dà, àánú mi ṣe yín, ẹ ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló lè sọ ọ́? Èmi ló yẹ kí n mọ̀ pé àánú ni. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe jẹ́ kí obìnrin yẹn fi àánú yín bà yín lórúkọ jẹ́." Ó gbé ọ̀pá sọ́wọ́ òsì, ó sì tẹrí ba débi tí ẹsẹ̀ tó fọ́ náà gbà á láyè. "Láyé mi, kò tíì sẹ́ni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé gan-an."

Ọkọ̀ kan kọjá, eruku sọ, ó sì rọlẹ̀. Má-tún-wọ̀n gbé àpò búṣìn náà láti èjìká kan bọ́ sí èkejì.

"Kò tọ́pẹ́," ló dá a lóhùn.